Motorhome méjì, ẹ́ńjìnnì kan náà, owó-orí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ta ló yẹ kó san owó èéfín?

Àjàní_Leeds

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ ra motorhome, ọkọ̀ tó ní ibùsùn, sítóòfù àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú, tí èèyàn lè wà lọ sí etí òkun kó sì sùn mọ́jú nínú rẹ̀ láì wá òtẹ́ẹ̀lì. Agbára wa ò ká tuntun, àlòkù là ń wá. Mo ti rí méjì lọ́wọ́ oníṣòwò kan. Ilé-iṣẹ́ kan náà ló ṣe méjèèjì, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì wọn bára mu, kò sì sí èyí tó wúwo ju 3,500 kìlógíráàmù lọ. Ọ̀kan gba nọ́ńbà ní October 2019, èkejì gba tiẹ̀ ní May 2020. Kò sí ìyàtọ̀ mìíràn tí mo rí.

Owó-orí wọn ló wá rú mi lójú. Lọ́dún owó-orí 2025 sí 2026, ti 2019 jẹ́ £195, ti 2020 lé ní £340. Mo bi oníṣòwò léèrè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìjọba ni kí n lọ bi.

Ọmọ mi obìnrin tó wà ní yunifásítì tún dá tiẹ̀ kún un. Ó ní kò yẹ kí n ra èyíkéyìí nínú méjèèjì, pé ọkọ̀ fàájì tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì bí ẹní mu omi, ó yẹ kí ìjọba gba £5,000 lórí rẹ̀ nítorí èéfín tó ń tú sáfẹ́fẹ́. Ìyá rẹ̀ ní kó dákẹ́. Èmi ò tíì mọ ẹni tó jàre. Kí ló fa ìyàtọ̀ owó yìí, kí lẹ sì rò sí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí?

Lánre_Awakọ̀Tírélà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìmúra. Ìyàtọ̀ yẹn nídìí, kì í ṣe pé wọ́n ṣi owó kọ.

Kí September 2019 tó dé, bí wọ́n ṣe ń gbowó lórí váànù ni wọ́n ń gbà á lórí motorhome, nǹkan bíi £265 lọ́dún, èéfín ìbáà pọ̀, ìbáà kéré. Òfin Yúróòpù kan ló wá dé, nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń tẹ̀ lé òfin wọn, pé láti ọjọ́ kìíní September ọdún náà, ìwé ẹ̀rí motorhome tuntun gbọ́dọ̀ sọ iye gíráàmù CO2 tó ń tú jáde ní kìlómítà kan. Bí iye yẹn ṣe wọ inú ìwé báyìí, òfin owó-orí káà ti April 2017 gbé e mì. Motorhome di káà. Káà tí èéfín rẹ̀ bá sì ju 255 gíráàmù lọ nígbà náà, £2,135 ni owó ọdún àkọ́kọ́. Ọkọ̀ tó ru ibùsùn, táńkì omi àti kọ́bọ́ọ̀dù, ṣé ìyẹn lè ṣàìkọjá 255?

Ó tún ku kan. Ọkọ̀ tí iye rẹ̀ bá ju £40,000 lọ nígbà tó jẹ́ tuntun ń san àfikún fún ọdún márùn-ún, láti ọdún kejì. Ẹni tó ra ti October 2019 yẹn san £2,135. Nígbà tó dé ọdún kejì, ó san £150 pẹ̀lú àfikún £325. Iye méjèèjì sì ń gòkè lọ́dọọdún. Tí ẹ bá ro ọdún mẹ́fà náà pọ̀, ó lé ní £4,500.

Àwọn oníṣòwò ọkọ̀ náà pariwo, National Caravan Council ló síwájú wọn. Ní March 11, 2020, Rishi Sunak, mínísítà ètò ìṣúná nígbà náà, ka bọ́jẹ́ẹ̀tì rẹ̀ àkọ́kọ́, ó ní láti ọjọ́ kejì, kí motorhome tuntun padà sọ́dọ̀ váànù. Àwọn tó ti rà á láàárín oṣù mẹ́fà yẹn ńkọ́? Wọn ò dá kọ́bọ̀ padà fún wọn. Inú ìwé káà ni wọ́n wà títí dòní.

Ibẹ̀ gan-an ni oríire yín wà. Àfikún ọdún márùn-ún ti ọkọ̀ October 2019 parí ní October 2025, ó ku owó káà lásán, £195. Ti May 2020 wà lọ́dọ̀ váànù, owó váànù ò sì dúró lójú kan. Ẹni tó kọ́kọ́ ra ti 2019 ti bá yín jẹ palaba ìyà rẹ̀ tán. Ẹ ṣáà yẹ V5C rẹ̀, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ náà, wò dáadáa kí ẹ tó sanwó, kí ẹ rí i pé M1SP, ìsọ̀rí tí wọ́n fi àwọn motorhome yẹn sí, ló wà lórí rẹ̀.

ÌyáBéjì_Peckham

Ọmọ yín jàre, ẹ̀gbọ́n Àjàní.

Ohun tó jẹ́ kí wọ́n fagi lé owó yẹn ni pé àwọn tó ń ra motorhome mọ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà sí aṣòfin. Àbúrò mi ọkùnrin ń kun ilé, váànù dísẹ́ẹ̀lì ló fi ń kó ọ̀dà àti àkàbà. Ní August 29, 2023, wọ́n fa ULEZ, ètò tí ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ ò mọ́ fi ń sanwó ojúmọ́, dé gbogbo àgbègbè London. Váànù rẹ̀ ò dé Euro 6, ìwọ̀n ìmọ́tótó èéfín tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ dísẹ́ẹ̀lì, nítorí náà £12.50 ni lójúmọ́ tó bá gbé e jáde. Iṣẹ́ o, kì í ṣe fàájì. Lójú títì kan náà, ẹni tó fi £70,000 ra motorhome tuntun á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láì san kọ́bọ̀, nítorí pé Euro 6 ni tiẹ̀. Wọ́n tún wá ń gba owó váànù lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dọọdún, bíi pé sìmẹ́ǹtì ló ń kó.

Iye tí ọmọ yín dá yẹn, kò dédé já bọ́ sí i lẹ́nu. Lọ́dún owó-orí 2025 sí 2026, káà tuntun tí èéfín rẹ̀ ju 255 gíráàmù lọ ń san £5,490 lọ́dún àkọ́kọ́. Ká ní wọn ò yọ motorhome kúrò ní 2020, iye tí ì bá máa san nìyẹn. Ẹni tó ń fi jíìpù gbé ọmọ lọ síléèwé ń san án. Ẹni tó ń gbé fìríìjì àti bẹ́ẹ̀dì lọ sí Cornwall, ọlọ́lá ni, wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀.

Ṣadé_Kent

ÌyáBéjì, ẹ rọra o. Mo ní ọ̀kan, èmi kì í sì í ṣe ọlọ́lá. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọkọ mi ń wa bọ́ọ̀sì.

Ẹ wá wò ó níwájú ilé wa lónìí. Aṣọ ìbora ti wà lórí rẹ̀ láti October. Mo ti fa omi inú táńkì rẹ̀ dànù kí yìnyín má bàa bẹ́ páìpù, mo gbé àwọn tìmùtìmù dúró lóòró kí wọ́n má bàa hu èbu, wáyà kékeré kan gba ojú fèrèsé ilé ìdáná wa lọ bá bátìrì rẹ̀. Títí di Easter, kò ní tú èéfín tó ti ẹni tó ń yan ẹja. Èéfín wo ni ìjọba fẹ́ gbowó rẹ̀ lórí ọkọ̀ tó ń sùn?

Ọjọ́ tó bá sì jí, mo ń sanwó. Nínú lítà epo kọ̀ọ̀kan tí mo bá rà, 52.95 pẹ́nì jẹ́ ti ìjọba, VAT tún gun orí ìyẹn. Láti ọ̀dọ̀ wa lọ sí Newquay ní Cornwall lọ-bọ̀, ẹ pè é ní 600 máìlì, ó ń mu bíi 100 lítà. Ẹ ò rí i pé mo ti fún wọn ní nǹkan bí £53 kí VAT tó dé? Lítà dísẹ́ẹ̀lì kan ń di nǹkan bíi 2.6 kìlógíráàmù CO2, tó já sí 260 fún gbogbo ìdílé mi, pẹ̀lú ibi tí a sùn.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ní December, ta ni nínú wa kì í lọ Èkó? Epo ọkọ̀ òfuurufú tó ń lọ sókè òkun kì í san owó-orí epo rárá. Àdéhùn Chicago ti 1944 àti àwọn àdéhùn tí orílẹ̀-èdè ń bá ara wọn ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ló dè é mọ́lẹ̀. Ohun tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ wa ni owó èrò, £90 lórí àgbàlagbà kan tó ń lọ Èkó nínú economy lọ́dún owó-orí 2025 sí 2026, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kì í sì í san. Bẹ́ẹ̀ èéfín ẹnì kan ṣoṣo lọ-bọ̀ Èkó ju ti ilé mi lọ-bọ̀ Newquay dáadáa. Ṣé ká máa san £5,490 ní Heathrow náà ni?

ÌyáBéjì_Peckham

Èkó kì í ṣe fàájì. Ìyá mi wà níbẹ̀, ibẹ̀ la sin bàbá mi sí. Ẹ má fi wé Newquay.

Ṣadé_Kent

Àwa tí a máa ń rí fọ́tò yín ní Lekki lálẹ́ December 26 ńkọ́? Ẹ má bínú o, àwàdà ni.

ÌyáBéjì_Peckham

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mi ò yí padà. Tí ẹ bá fẹ́ bá ọkọ̀ òfuurufú jà, ọ̀dọ̀ àwọn tó ní tiwọn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Rachel Reeves, mínísítà ètò ìṣúná nígbà náà, kéde nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì October 2024 pé owó èrò lórí àwọn ọkọ̀ òfuurufú àdáni ńlá á fi ìdajì lé sí i, láti April 2026. Mo pàtẹ́wọ́ fún un, n kì í sì í tètè pàtẹ́wọ́ fún òṣèlú.

Ẹ gbọ́ ohun tí mò ń sọ yé. Owó ọdún àkọ́kọ́ yẹn, kì í ṣe nítorí ibi tí Ṣadé ń wà á lọ. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ náà ni wọ́n fi ń bá wí. Tí ọkọ̀ tó ń tú èéfín bá wọ́n lójà, wọ́n á wá bí wọ́n ṣe máa ṣe èyí tó fúyẹ́. Tí ẹ bá ní kí wọ́n máa gbà á lórí epo nìkan, ìgbà wo ni ilé-iṣẹ́ fẹ́ mọ̀ ọ́n lára? Owó-orí epo yẹn náà, wọ́n dì í mọ́ 57.95 pẹ́nì láti 2011, March 2022 ni wọ́n tún wá bu pẹ́nì márùn-ún kúrò. Gbogbo nǹkan ń wọ́n sí i, òun nìkan ló dúró.

Lánre_Awakọ̀Tírélà

Àǹtí Béjì, ọ̀rọ̀ yín tẹ̀wọ̀n níbi tí ẹ ti mẹ́nu ba owó epo. Níbi ilé-iṣẹ́ ni mo ti fẹ́ dá sí i.

Ẹni tó bá gba ìwé ìwakọ̀ láti January 1997 wá, kò lè wa ohun tó ju 3,500 kìlógíráàmù lọ àfi tó bá tún ṣe ìdánwò C1. Gbogbo motorhome tí ẹ ń rí ni wọ́n ń fún pọ̀ kó má bàa kọjá ìlà yẹn. Ẹ wá gbé bátìrì oníná tó wúwo bíi màlúù kan lé e, kí ló kù fún omi, oúnjẹ àti ọmọ? Láti June 2025 ni òfin ti wá gba onílàìsẹ́ǹsì káà láyè láti wa ọkọ̀ tí kò lo epo títí dé 4,250 kìlógíráàmù. Ìyẹn dára. Àmọ́ ní 2019, nígbà tí wọ́n ń gba £2,135, kò sí ibi tí ẹni tó ń rà á fẹ́ sá sí. Tí kò bá sí ọ̀nà àbáyọ tí owó náà ń tì ọ́ sí, kí la fẹ́ pè é?

Ohun tó sì ń dun èmi jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ò jókòó pinnu rẹ̀. Òfin ìwé ẹ̀rí kan pàdé òfin owó-orí kan, motorhome sì wà láàárín wọn.

Kọ́lá_Düsseldorf

Ẹ ǹlẹ́ o. Àwa níbí ò bára wa jiyàn bóyá káà ni tàbí váànù. Láti 2006 ni motorhome ti ní ìlànà tiẹ̀ nínú òfin Jámánì. Ìwọ̀n rẹ̀ àti irú èéfín rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Èyí tí èéfín rẹ̀ mọ́ jù ń san 16 yúrò lórí 200 kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan títí dé 2,000, lẹ́yìn náà 10 yúrò lórí 200 kọ̀ọ̀kan, kò sì gbọ́dọ̀ ju 800 yúrò lọ. Èmi tó ní ti 3,500 kìlógíráàmù, 240 yúrò ni mò ń san lọ́dún. Ògbólógbòó tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀, tó wà ní ìsọ̀rí èéfín tó burú jù, 480 ni. Ìlọ́po méjì géérégé. Ó yé èèyàn.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni nọ́ńbà onígbà. Wọ́n á kọ oṣù sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà náà, bí àpẹẹrẹ 04 lókè, 10 nísàlẹ̀. Ìyẹn ni pé April sí October nìkan ni mo lè wà á, oṣù méje yẹn nìkan ni mo sì ń san owó-orí rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní November, tí wọ́n bá rí i lójú títì, mo ti ràn.

Ṣadé_Kent

Kọ́lá, ẹ fún wa ní èyí! Àwa náà ní SORN, tí a lè sọ pé ọkọ̀ ò ní jáde, kí wọ́n dá owó oṣù tó kù padà. Àmọ́ ẹni tí kò ní àyè nínú ọgbà ilé rẹ̀ ò lè lò ó, torí ọkọ̀ SORN ò gbọ́dọ̀ dúró lójú pópó.

Bàbá_Houston

Ẹ̀yin ará London, ẹ máa jà lọ. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba ló ń bá olówó ra tiẹ̀.

Àwa ń pè é ní RV. Tó bá ti ní ibi tí wọ́n ń sùn, ibi tí wọ́n ń dáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, IRS, àjọ tó ń gbowó-orí níbí, lè kà á sí ilé kejì. Tí ẹ bá yáwó rà á, tí ẹ sì fi ọkọ̀ náà dúró fún gbèsè, ẹ lè yọ èlé owó náà kúrò nínú owó tí wọ́n ń wò láti gba owó-orí lọ́wọ́ yín, bí ẹni tó yáwó kọ́lé. Kódà ọkọ̀ ojú omi tó bá ní nǹkan mẹ́ta yẹn wọ inú rẹ̀. Owó-orí ìjọba àpapọ̀ lórí pẹtiróòlù, sẹ́ǹtì 18.4 lórí gálọ́ọ̀nù kan, wọn ò tíì fọwọ́ kàn án láti 1993.

Aládùúgbò mi kan ní èyí tó gùn bíi mólúè. Tó bá ń rìnrìn-àjò, ó ń so jíìpù mọ́ ọn nídìí, kó lè rí nǹkan wà jáde tó bá débẹ̀. Ó ní kẹ̀kẹ́ méjì lẹ́yìn jíìpù náà. Èmi tí mo ń wa Corolla lọ síbi iṣẹ́, tí mo sì háyà ilé, kò sí nǹkan kan tí wọ́n ń yọ fún mi.

Mẹkáníìkì_Ìkòròdú

Ẹ jẹ́ kí ará ilé náà sọ̀rọ̀ díẹ̀. Irú owó yìí dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ ò mọ̀ torí pé kò pẹ́.

Nínú ètò owó-orí 2023, ìjọba Buhari tó ń kógbá wọlé ní kí ọkọ̀ tí wọ́n bá kó wọlé, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà láàárín 2,000cc sí 3,999cc, san àfikún ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún, kí 4,000cc sókè san ìdá 4. Bọ́ọ̀sì akérò ńlá, ọkọ̀ oníná àti ọkọ̀ tí wọ́n bá ṣe ní Nàìjíríà ò sí níbẹ̀. Òun àti owó-orí lórí ike ni wọ́n jọ kó jáde, ìwé ìròyìn sì ń pè é ní owó-orí àyíká. June ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Ní July 6, Dele Alake, agbẹnusọ Tinubu nígbà náà, kéde pé Tinubu ti dá a dúró.

Ẹ fojú mẹkáníìkì wò ó. Corolla 1.8 bọ́. Camry 2.4, ọkọ̀ tíṣà, ọkọ̀ ẹni tó ń ṣe Uber, kó sí i, torí 2,362cc ni. Sienna, 3.3 tàbí 3.5, kó sí i. Ta ló ń fi Sienna ṣe fàájì ní Nàìjíríà? Ẹ lọ sí gáréèjì Ọjọ́ta láàárọ̀, Sienna ló ń kó èrò lọ Àkúrẹ́ àti Benin, èrò méje nínú, àpò ẹrù lórí, awakọ̀ ń fi okùn di búùtù tí kò pa dé mọ́. Prado 4.0 tí ọ̀gá ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 3,956cc. Ìdá 2 kan náà ni òun àti Sienna! Cc 44 péré ló yọ ọ́ nínú ìdá 4. Ẹni tó kọ òfin náà, bóyá kò mọ ọkọ̀, bóyá ó mọ̀ ọ́n jù.

Tí mo bá sì wọ abẹ́ ọkọ̀ tókunbọ̀ tó ń tú èéfín dúdú, ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe títóbi ẹ́ńjìnnì ló fà á. Wọ́n ti gé catalyst, ohun tó ń fọ èéfín mọ́, kúrò lára ẹkísọ́ọ̀sì rẹ̀ tà, wọ́n fi páìpù lásán jó o padà. Ẹ máa rí ojú ibi tí wọ́n jó, ó wú bí àpá. Owó tí wọ́n ń fi cc gbà yẹn, ìyẹn ò kàn án.

Ọmọ_Òkè_Bọlà

Ọdún 2023 yẹn náà ni ìròyìn gbé e pé wọ́n ń ra Land Cruiser fún àwọn aṣòfin àgbà, nǹkan bí ₦160 mílíọ̀nù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n lọ jẹun.

Àbíkẹ́_Manchester

Mo ti ń ka ìwé yín láti àárọ̀. Lójú tèmi, ohun tí Àǹtí Ṣadé sọ ló bọ́gbọ́n mu jù: epo ni kí wọ́n gbowó lé. Ẹni tó bá jó púpọ̀ á san púpọ̀. Kò sí pé káà ni tàbí váànù, kò sí 3,956 tàbí 4,000, kò sí ọjọ́ tí ọkọ̀ gba nọ́ńbà. Kí ló dé tí Nàìjíríà náà ò ṣe bẹ́ẹ̀?

Mẹkáníìkì_Ìkòròdú

Àǹtí Àbíkẹ́, wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé. Nigeria Tax Act tí Tinubu fọwọ́ sí ní June 2025 ní àfikún ìdá 5 lórí epo nínú. Kẹrosín, gáàsì ìdáná àti CNG ò sí lára rẹ̀. Òfin náà ní kò ní bẹ̀rẹ̀ àfi tí Mínísítà ètò ìṣúná bá kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ìjọba. Nígbà tí ariwo ta, Taiwo Oyedele, tó darí ìgbìmọ̀ àtúnṣe owó-orí nígbà náà, ní kì í ṣe nǹkan tuntun, pé ó ti wà nínú òfin FERMA, àjọ tó ń tún ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ṣe, ti 2007. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ebi ò mọ ọdún tí wọ́n kọ òfin.

Ẹ wo ìyá tó ń lọ ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ́ńjìnnì ìlọta rẹ̀ ń mu pẹtiróòlù. Oníbábà òdìkejì ń fi jẹnẹrétọ̀ kékeré gẹrun. Èmi náà ń fi jẹnẹrétọ̀ jó irin. Láti May 29, 2023 tí wọ́n ti ní owó ìrànwọ́ epo ti lọ, gbogbo wa ti mọ iye tí a ń jó láàárọ̀ àti lálẹ́. Ní Kent, ẹni tó ń jó epo púpọ̀ lè jẹ́ ẹni tó ń lọ gbafẹ́. Ní Ìkòròdú, ẹni tí NEPA ò fún ní iná ni. Ẹ bá mi fi owó epo gbá olówó láì gbá ìyá aláta, mo ṣetán láti fọwọ́ sí i.

ÌyáBéjì_Peckham

Ẹ ṣeun, ọ̀gá mẹkáníìkì! Ohun tí mo ń sọ látàárọ̀ nìyẹn. Ẹ gba owó náà lọ́wọ́ ohun tó jẹ́ fàájì pọ́ńbélé.

Mẹkáníìkì_Ìkòròdú

Àǹtí, ta ló máa sọ ohun tó jẹ́ fàájì? Ẹ wo Prado. Ọ̀gá á ní iṣẹ́ lòun fi ń ṣe, ọ̀nà ò dára. Òótọ́ ni, ọ̀nà ò dára. Àfi tí ẹ bá ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn tó ń gun jet ski lójú ọ̀sà lọ́jọ́ Sunday. Ìyẹn, kò sí ẹni tó lè ní ó ń gbé òun lọ síbi iṣẹ́.

Kọ́lá_Düsseldorf

Ìdí tí motorhome fi rọrùn láti dá mọ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń wà á lọ sí ọ́fíìsì. Ó kàn jẹ́ pé tó bá jẹ́ pé oṣù méje péré ló ń jáde, kí owó náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Adarí

Ẹ kú àríyànjiyàn o. Mo ti pa ọ̀rọ̀ méjì rẹ́, ẹni tó kọ ọ́ mọ ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ òṣèlú ní yàrá tiẹ̀. Àjàní, ṣé ẹ ti rí èsì ìbéèrè yín?

Àjàní_Leeds

Mo rí i o, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá Lánre. Mo padà lọ yẹ V5C ti October 2019 wò, M1SP ni wọ́n kọ sí i lóòótọ́. Oníṣòwò fi ìwé owó-orí àtijọ́ hàn mí, àfikún ti parí bí Lánre ṣe wí. Òun la máa rà.

Mo gbé fóònù fún ọmọ mi kó ka gbogbo rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ Àǹtí Ṣadé ò wọ òun létí, nítorí pé ọkọ̀ tó ń sùn níwájú ilé, wọ́n ti fi irin àti iná rọ ọ́ kó tó wá sùn. Ó ní ti mẹkáníìkì ló mú òun ronú. Ó ṣì dúró lórí £5,000 fún tuntun. Mo ní àlòkù ni tèmi, ó ní ìyẹn ló jẹ́ kí òun gbà láti bá wa lọ Whitby. Ìyá rẹ̀ ní ta ló pè é.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rà á rí, kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó kówó sílẹ̀? Mo gbọ́ pé omi lè ti wọ inú ògiri rẹ̀ kó má hàn síta.

Ṣadé_Kent

Ẹ má ṣe lọ lọ́jọ́ tí oòrùn bá ń ràn, ọjọ́ òjò ni kí ẹ lọ. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ògiri lábẹ́ àwọn fèrèsé àti ní igun òrùlé, pàápàá lókè ibùsùn ẹ̀yìn. Tó bá rọ̀ bíi búrẹ́dì, ẹ dágbére. Ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ sínkì, kí ẹ gbé imú sí i. Ẹ bèèrè ìwé àyẹ̀wò ọ̀rinrin ọdọọdún lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ rí i pé wọn ò fo ọdún kankan, torí tí wọ́n bá ti fò ó, ilé-iṣẹ́ lè kọ̀ láti tún un ṣe lábẹ́ wáráńtì tó kù. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe táyà náà pẹ̀lú, ó wà lára rẹ̀ ní nọ́ńbà mẹ́rin. Táyà motorhome kì í jẹ tán, ó máa ń gbó lórí ìdúró ni.

ÌyáBéjì_Peckham

Tí ẹ bá ń bọ̀ ní London, ẹ yà kí wa. Ìrẹsì á wà. Ẹ kàn má bá wa gbé e dúró síwájú ilé àbúrò mi.